Bébà Dídán Inú Páálí Sìgá

Kì í ṣe fíúsì. Kó má jẹ́ fíúsì. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí wáípà ló kú, ó lè jẹ́ pé wáyà kan já níbì kan, ó lè jẹ́ suwíìṣì… ohun mìíràn ni kó jẹ́. Wáípà dúró láàárín gíláàsì bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn. Mo tẹ hóònù, kò dún. Mo tún un tẹ̀, kò dún. Orí fíúsì kan náà ni wáípà àti hóònù wà nínú mọ́tò yìí. Ta ni mo ń tàn? Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ríwáyà, iṣẹ́ iná mọ́tò, ní Ṣakí. Mo ti mọ̀ kí n tó yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń fi garawa dà á lé wa lórí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Òkàkà ni. Ọ̀sán ni, síbẹ̀ n kò rí ju imú mọ́tò ìjàpá mi yìí lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù lè yọ nígbàkigbà. N kò lè wà á lọ báyìí. N óò tún un ṣe ni. Kò yẹ kó gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kò yẹ… bí kì í bá ṣe ti ẹni tó jókòó tì mí.

Yẹ̀kínì ń fi àtàǹpàkò òsì ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Òsì. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀. Awọ rẹ̀ ń dán, ó hunjọ, ìka mẹ́ta ti ká sínú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò ní nà mọ́ títí ayé. Mo ti kọ́ bí mo ṣe ń wo ojú rẹ̀ tí n kò ní wo ọwọ́ yẹn. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ́ ọ, mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú mọ́tò kékeré báyìí, kò ṣeé ṣe. Bí mo bá fẹ́ fi jíà sí i, ọwọ́ náà ni mo ń rí.

Àwáwù àkọ́bí rẹ̀ ló bímọ sí Ìsẹ́yìn, ọ̀la ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọkùnrin ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àná ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ládòkun, ìwọ ni kó o gbé mi lọ." Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní ṣé ọkọ̀ èrò ti tán ní gáréèjì ni. Kò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ wà. Ìwọ ni mo fẹ́ kó gbé mi lọ." Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Mo ti ń bi ara mi láti àná. Ọ̀rẹ́ ni wá. Àparò kan náà ni a jọ ń dẹ pàkúté fún nígbà tí a kò tí ì wọ ṣòkòtò. Ká fi í mọ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wá, ọ̀rẹ́ ló ń gbé ọ̀rẹ́ lọ síbi ìkómọ. Ká fi í mọ síbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ṣí ìdérí kékeré náà. Àwọn fíúsì tò síbẹ̀ bí eyín ọmọdé, àwọn kan funfun, àwọn kan pupa. Mo ń fi ìka wá wọn lọ… èyí dára… èyí dára… èyí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ ti já láàárín, orí méjèèjì dúdú. Mo fà á yọ. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Fíúsì ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán irin kékeré yìí kò ju pé kó kú lọ. Bí iná bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú wáyà, òun ni yóò kọ́kọ́ jó, kí wáyà má baà jó, kí mọ́tò má baà jó, kí èèyàn tó wà nínú mọ́tò… Mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn awakọ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Wọ́n á máa mi orí, wọ́n á ní ọ̀gá ni Ládòkun.

Mo fọwọ́ wá inú àpò iṣẹ́ mi. Púláyà. Sukudiráfà. Tépù dúdú. Gílóòbù kékeré tí mo so wáyà méjì mọ́, tí mo fi ń dán iná wò. Fíúsì ńkọ́? Mo da àpò náà sórí ẹsẹ̀ mi. Kò sí. Kò sí ẹyọ kan. Èmi ríwáyà ni mo wà lójú ọ̀nà láìní fíúsì, bí alágbẹ̀dẹ tí kò ní ọkọ́ tí yóò fi ro oko ara rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà, kò sí.

Má ronú ọjọ́ yẹn. Wá nǹkan ṣe.

Yẹ̀kínì ti rí i pé ọwọ́ mi ṣófo. Ó dá tẹ̀sùbáà dúró. Ó tọwọ́ òsì bọ àpò dànṣíkí, ó yọ páálí sìgá, ó fi eyín di ẹnu rẹ̀ mú, ó fa bébà dídán inú rẹ̀ jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó wá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ yẹn, ó ń fi í nà án kó lè tẹ́jú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ṣé èyí lẹ máa ń fi dí i?"

Ohùn rẹ̀ kò ga, kò rẹlẹ̀. Bí ẹni béèrè aago.

Mo gbà á, mo tẹjú mọ́ ọn. Kí ló ní lọ́kàn? Kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé a máa ń fi bébà sìgá dí fíúsì, láti Ṣakí dé Ìbàdàn kò sí gáréèjì tí wọn kò ti ń ṣe é. Ó kàn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Kò mọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Kò sí níbẹ̀. Ó wà ní òdìkejì títì, ó ń jẹ ẹ̀bà.

Ó wà ní òdìkejì títì lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku bo gbogbo ewé. Píjò tó ń fi kó èrò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn èrò ti jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń kùn, àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ń sọ pé ọjà yóò tú kí àwọn tó débẹ̀. Fíúsì ti jó. Mo wá fíúsì, kò sí. Yẹ̀kínì ní kí n máa bá òun ṣe é, òun fẹ́ fi nǹkan sẹ́nu. Páálí sìgá rẹ̀ wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fa bébà dídán inú rẹ̀ yọ. Mo ká a mọ́ ara fíúsì tó ti kú náà, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó lè lágbára… kó lè lágbára! Mo tì í padà sí àyè rẹ̀. Iná dé. Mo ní bó bá dé n óò sọ fún un: Yẹ̀kínì, mo kàn dọ́gbọ́n sí i ni, ibi tó o bá ti kọ́kọ́ rí fíúsì, rà á. Mo tún ní n óò wá ohun tó jó ti àkọ́kọ́, nítorí fíúsì kì í ṣàdédé jó. Ẹnìkan sì ń pè mí láti ẹ̀yìn, mọ́tò rẹ̀ kò fẹ́ ṣíná. Yẹ̀kínì dé, ó ń nu ẹnu. Ó ní, "Ó ti dára?"

Mo ní, "Ó ti dára. Máa lọ."

N kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Mo ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Ẹ̀yìn Òfìkì ni iná ti sọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn èrò bẹ́ sílẹ̀. Òun náà ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti bọ́. Ìyá àgbà kan ló kù sẹ́yìn, ilẹ̀kùn kò ṣí fún un, ni Yẹ̀kínì bá padà. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di irin ilẹ̀kùn náà mú títí tó fi já. Ìyá yẹn ṣì ń ta ẹ̀lùbọ́ títí di òní. Kò sẹ́ni tó kú. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi bí mo bá jí: kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó kú. Bí àdúrà.

Sìgá ni wọ́n ní ó fà á. Èrò kan ní òun rí i tó ń fa sìgá, òmíràn ní òun gbóòórùn epo, ọ̀rọ̀ bá tán. Bàbá Àdìgún, olórí àwọn awakọ̀, pe ìpàdé sí gáréèjì. Ó bi í níṣojú gbogbo wa, "Yẹ̀kínì, ta ló fọwọ́ kan inú mọ́tò yìí kẹ́yìn?" Mo jókòó sórí táyà lẹ́yìn Yẹ̀kínì, kò tó ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mi. Mo ní ó ti dé, ó ti dé báyìí, yóò yíjú, yóò nàka sí mi. Kò yíjú. Aṣọ funfun tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún oògùn. Ó ní, "Èmi náà ni, bàbá." Wọ́n ní kó má kó èrò mọ́.

Mo sì lọ sílé, mo jẹun. Mo jẹun ọjọ́ yẹn, mo rántí, mo tún bù sí i.

Yẹ̀kínì Oníná. Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn. Àwọn ọmọ wẹẹrẹ ń pè é bí ó bá ń ti oko bọ̀. Èmi ni mo ń bá a kọ ebè, èmi ni mo ń ru iṣu rẹ̀ wálé, àwọn ará àdúgbò á ní ẹ ò wá wo ọ̀rẹ́, irú Ládòkun ṣọ̀wọ́n. Èmi á ní kò tó bẹ́ẹ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀! Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdána Àwáwù, ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá Ràsáàkì, ló sọ ọ́ láàárín agbo pé, "Ẹ má jẹ́ kí bàbá ìyàwó jókòó ti ìdí àdògán o, kí oúnjẹ wa má baà jóná." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì ń wo ilẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀ ni. Àmọ́ mo rẹ́rìn-ín.

Bébà yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ń retí. Òjò kò dá. Bí mo bá ká a mọ́ fíúsì yìí báyìí, wáípà yóò yí, a ó dé Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó kírun Àlàásárì. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn náà…

Rárá. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Rárá, a kò ní fi èyí ṣe é. Jẹ́ kí n wá ohun tó jó o." Mo ká bébà náà, mo tì í sábẹ́ ìjókòó. Yẹ̀kínì wò mí. Ó wò mí pẹ́.

Mo bọ́ sínú òjò, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Omi ń wọ inú rẹ̀ kí n tó ṣí i tán. Ilẹ̀kùn kejì ṣí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Tapólì tó wà lẹ́yìn ìjókòó ló gbé wá. Ó nà án sókè bò mí lórí, ọwọ́ òsì di etí kan mú, etí kejì… ọwọ́ ọ̀tún kò lè di nǹkan mú, ó fi tapólì náà kọ́ sáàárín ìka tó ká àti èyí tó nà. Ó ń gbọ̀n. Omi ń ṣàn láti ìka yẹn wá sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń kán sí mi lọ́rùn. Mo fẹ́ ní kó padà sínú mọ́tò. N kò lè sọ ọ́. Bí mo bá la ẹnu, ohun mìíràn ni yóò jáde.

Mo tọ wáyà lọ láti ìdí ẹ́ńjìnnì wáípà, mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹ̀gún nínú ẹsẹ̀ ọmọ. Mo rí i. Ibi tó gba etí páànù kọjá ni, páànù ti ha á, rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, irin pupa inú rẹ̀ fojú hàn. Òjò wọlé, irin kan páànù, fíúsì kú. Ohun tó fà á kò ju èyí lọ. Kò ju kí èèyàn farabalẹ̀ wá a lọ. Bí mo bá ti wá a lọ́jọ́ yẹn… kò ní ju báyìí náà lọ. Mo nu wáyà náà gbẹ, mo wé tépù mọ́ ọn, mo sún un kúrò létí páànù, mo dè é. Yẹ̀kínì kò gbé ọwọ́ sọ̀kalẹ̀ títí mo fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

A jókòó, omi ń kán lára àwa méjèèjì. Fíúsì kò sì tí ì sí. Mo tún wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú wá tì mí. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà yìí. Ọ̀sán ni, kí ni mo fẹ́ fi fíúsì iná ńlá iwájú mọ́tò ṣe? A ó dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo yọ ọ̀kan nínú ti iná iwájú, bákan náà ni wọ́n tóbi, mo tì í sí àyè ti wáípà, mo fi ìka yí i kó lè jókòó dáadáa. Mo tan suwíìṣì. Wáípà gbọn ara rẹ̀, ó yí, ó tún yí. Ọ̀nà hàn, pẹ̀lú igi kaṣú méjì àti àgbàdo tí òjò dà dúbúlẹ̀.

Píjò yẹn náà ní fíúsì iná iwájú. Ọ̀sán ni lọ́jọ́ yẹn náà.

Ó ní, "Ó ti dára?"

Mo ń wo wáípà. Mo ní, "Yẹ̀kínì, Píjò yẹn…" mo dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀. "Píjò yẹn, lọ́jọ́ tó o lọ jẹun…"

"Mo mọ̀," ló wí. Ó ń fi etí dànṣíkí nu ọwọ́. "Nígbà tí mo fẹ́ mú sìgá ni mo rí i. Gbogbo wọn wà níhòòhò nínú páálí. Mo ní háà, Ládòkun ti fi bébà mi dí i. Mo sì ń wakọ̀ lọ."

Ó mọ̀. Kí iná tó ràn ló ti mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí Bàbá Àdìgún bi í léèrè. Ó mọ̀ nígbà tí mo ń ru iṣu rẹ̀, nígbà tí mo ń sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀… "Èmi náà ni, bàbá." Èmi náà. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dún méjì, n kò gbọ́ "náà" tó wà nínú rẹ̀.

Nǹkan kan ń tú nínú àyà mi. Òun náà rí i, ó sì wakọ̀ lọ, a jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ… Ó ti mọ̀, a jẹ́ pé ó ti dárí jì mí, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wò ó bí ara ṣe fẹ́ fúyẹ́. Ẹ wò ó bí ó ṣe yá mi lára tó láti pín ẹ̀bi fún ẹni tó jóná. Àmọ́ kò mọ ohun tí bébà yẹn lè ṣe. Èmi mọ̀. Awakọ̀ ni òun, èmi ni ríwáyà, èmi ni mo ní ó ti dára. Mo bojú wò ó bóyá yóò sọ pé kò sí ìyọnu. Kò sọ ọ́. Ó ti padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kò bínú. Kò sì dárí jì mí. Ó kàn jókòó.

Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fi jíà sí i, mọ́tò ń rọra wọ títì. Òjò ń rọ̀ síbẹ̀. Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un? Ohun tó ti mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo tí kò nílò láti gbọ́ ọ. Ìyá Ràsáàkì kò mọ̀. Bàbá Àdìgún kò mọ̀. Àwọn ọmọ tó ń pè é ní Oníná kò mọ̀. Àwáwù kò mọ̀ pé kì í ṣe sìgá bàbá òun. Ọ̀la, gbogbo àna yóò pé sínú ọgbà ní Ìsẹ́yìn, wọn yóò gbé ọmọ lé Yẹ̀kínì lọ́wọ́, ẹnìkan yóò sì ní kó rọra o, kó má baà sun ún. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò máa wo èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀, bóyá n óò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó gbé mi lọ."

Ó yé mi. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan, kò sì ní bẹ̀ mí. Ó kàn fẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́la, nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín.